Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́: Ìtàn Ọkọ̀ Tí Kò Yé Gbọ̀n ní Ìbafò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, mo sì ti fi bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí. Àṣé èmi gan-an kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mọ́tò kan ni ó kọ́ mi ní ọdún 2019, ní Ìbafò, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ náà gba owó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó dùn mí jù. Ohun tí ó dùn mí jù ni ọmọ ọlọ́mọ kan tí mo fi ẹnu mi lé kúrò nídìí iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi í sí. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n kò ní yé yín bí n kò bá sọ ìtàn irin kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ mọ́ ọn, nítorí irin náà ti pẹ́ láyé ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe ibẹ̀ fún yín. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ti Èkó ń lọ sí Ìbàdàn, Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni yóò gbà, àbí kí ó yí gba Abẹ́òkúta. Oṣù kẹjọ ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 127. Ọ̀nà yìí ni ó sọ Ìbafò àti Mówè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, di ibi tí ará Èkó ń sá wá nígbà tí owó ilé bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lórí títì á rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ yà kúrò lórí ọ̀dà, kí ẹ wọ inú àdúgbò lọ nígbà òjò, ẹ ó bá ẹrẹ̀ pàdé. Ẹrẹ̀ tí ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, tí ń dá ọ̀kadà dúró, tí ń gbé mọ́tò mì dé ilẹ̀kùn.

Símẹ́ǹtì ni mò ń tà. Àwọn oníbàárà mi kì í kọ́lé sí ojú títì. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kọ́ ọ sí. Ìdí nìyí tí mo fi ra Hilux tòkúnbọ̀ kan, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní fóò-wíìlì. Bí mo bá di ogún báàgì símẹ́ǹtì sí i lẹ́yìn, tí í ṣe tọ́ọ̀nù kan gbáko, tí mo sì fa irin kékeré ẹ̀gbẹ́ jíà, á rọra wọ́ ara rẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá bí ìgbín. Ọkọ̀ náà bọ́ ilé mi fún ọdún méjì.

Ní ọdún 2019, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jó nínú ẹrẹ̀. Mo wọ́ ọ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi. Wọ́n tú pùròpẹ́là, wọ́n sọ jíà kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ kejì tí mo gbé e bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ ni ìjọ̀gbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ní 60, mo ń gbọ́ kùùù lábẹ́ àga bí ìgbà tí oyin ń kùn. Ní 80, ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n, dígí ẹ̀gbẹ́ ń gbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi náà ń gbọ̀n. Bí mo bá rọra sáré, á dákẹ́.

Wọ́n ní táyà ni. Mo ra táyà mẹ́rin, wọ́n sì bá mi ṣe bálánsì wọn. Ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní kúrọ́ọ̀sì pùròpẹ́là ni. Mo ra mẹ́ta, wọ́n dè é. Ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní jíà síìtì ni, ìyẹn rọ́bà tí jíà jókòó lé. Mo rà á. Ó ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n ní kúrọ́ọ̀sì tí mo rà kì í ṣe ojúlówó, kí n lọ ra òmíràn. Mo lọ sí Èkó, mo ra èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Wọ́n dè é. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Inú bí mi. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní òun kò mọ ohun tí ó kù, àfi bí ẹnì kan bá pààrọ̀ ojúlówó kúrọ́ọ̀sì náà fún ayédèrú. Mo bi í pé ta ni ó dè é. Ó nawọ́ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ó ku ọdún kan péré kí ó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Èmi kò bèèrè ohun mìíràn. Mo pariwo olè lé ọmọ náà lórí níwájú àwọn ènìyàn. Ó ń sunkún, ó ń wí pé, “Dádì, kì í ṣe kúrọ́ọ̀sì o. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, àmì tó wà lára…” Ọ̀gá rẹ̀ ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Èmi náà ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní kó gbé àpò rẹ̀ máa lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Mówè.

Ọkọ̀ mi kò sì yé gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ ná, kí n wá sọ ti irin tí mo ní mo fẹ́ sọ.

IRIN TÍ Ó DÀGBÀ JU MỌ́TÒ LỌ

Ẹ wo ọwọ́ yín. Apá gùn, ọwọ́ sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọrùn ọwọ́ láàárín wọn, ẹ kò ní lè fi ìka bu ọbẹ̀. Oríkèé ni ó mú ọwọ́ wúlò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì àti jíà wà níwájú, a de wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Táyà ẹ̀yìn wà lórí sípíríìnì, kòtò ń jù ú sókè, ó ń jù ú sísàlẹ̀. Irin gígùn tí ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ jíà lọ bá táyà ni pùròpẹ́là. Bí irin náà bá nà gbọnrangandan láìní oríkèé, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò dá a sí méjì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi oríkèé sí i lórí àti ní ìdí. Oríkèé yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kúrọ́ọ̀sì, nítorí pé ó rí bí àgbélébùú kékeré, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì dé fìlà irin tí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ kún inú wọn.

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é? Àwọn ará wa ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń sọ Faransé, ń pè é ní kàdáànì. Orúkọ Gerolamo Cardano ni, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì tí ó gbé ayé láti ọdún 1501 sí 1576. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ohun tí Cardano kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1550 ni bí a ṣe lè gbé nǹkan kọ́ sáàárín àwọn òrùka irin tí ó wọnú ara wọn, tí nǹkan náà kò fi ní dànù bí a tilẹ̀ ń mì í. Òun alára kò sọ pé òun ni òun dá a sílẹ̀. Àwọn mìíràn ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́ irin náà títí dòní.

Ẹni tí ó wá wo irin náà dáadáa ni Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Robert Hooke, tí wọ́n bí ní ọdún 1635, tí ó sì kú ní ọdún 1703. Ní ọdún 1676 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó ti ṣàlàyé oríkèé yìí. Kì í ṣe mọ́tò ni ó ń rò. Mọ́tò kò tíì sí. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo oòrùn àti ìràwọ̀ ni ó ń ṣe. Ohun tí Hooke rí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lé, nítorí náà kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bí irin méjì tí oríkèé so pọ̀ bá nà tààrà, wọ́n á máa yí dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ sí ara wọn, bí ìgbà tí a bá ká ìgunpá díẹ̀, èyí tó wà níwájú lè máa yí dọ́gba kí èyí tó wà lẹ́yìn má yí dọ́gba. Nínú yíyí kan ṣoṣo, ẹ̀yìn á sáré lẹ́ẹ̀mejì, á sì rọra lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìtẹ̀ náà bá jẹ́ díńgírì 10, ìyàtọ̀ náà kéré: nǹkan bí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún sókè, bẹ́ẹ̀ náà sísàlẹ̀. Bí ó bá di díńgírì 30, ó lé ní ìdá 15 sókè, ó sì lé ní ìdá 13 sísàlẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n irin ń mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni ojútùú rẹ̀? Oríkèé méjì. Ẹ rántí àwọn obìnrin méjì tí ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọrí odó ti ọ̀kan bá ń lọ sókè nígbà tí ti èkejì ń bọ̀ wálẹ̀, odó á jókòó jẹ́ẹ́, iyán á sì kúnná. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odó á máa fò, ọmọrí odó á sì máa gbá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni oríkèé méjèèjì tó wà lára pùròpẹ́là. Bí ìtẹ̀ wọn bá dọ́gba, tí etí wọn sì kọjú síbì kan náà, ìgbà tí èyí ń sáré ni ìyẹn ń rọra, wọ́n á sì tún ara wọn ṣe. Bí etí wọn bá ṣì, dípò kí wọ́n tún ara wọn ṣe, ńṣe ni wọ́n á jọ máa ba nǹkan jẹ́.

Ó ju igba ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó nílò ọgbọ́n yìí lójú títì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà àkọ́kọ́, ṣéènì ni wọ́n fi ń yí táyà wọn bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell kan ní Amẹ́ríkà, Clarence Spicer, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1903 lórí oríkèé tí ó lè gbé agbára ẹ́ńjìnnì láìsí ṣéènì. Ní ọdún 1904 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní ìlú Plainfield. Láti ìgbà náà ni irin Hooke ti ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, kò sì jáde mọ́.

BÍ FÓÒ-WÍÌLÌ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ogun ni ó sọ ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà di púpọ̀ láyé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ kan ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú ọkọ̀ akẹ́rù bẹ́ẹ̀ fún àwọn ológun. Nígbà ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, láti ọdún 1941, Amẹ́ríkà ń kó Jeep jáde bí eéṣú, Bedford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń ṣe ọkọ̀ ogun tirẹ̀ tí ń jẹ́ QL. Àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí ogun Bọ́mà láàárín ọdún 1943 sí 1945 rí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Àwọn mìíràn nínú wọn sì fi iṣẹ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì bọ̀ wálé.

Kì í ṣe pé a kò mọ mọ́tò kí ogun tó dé o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni W. A. Dawodu ti ń ra mọ́tò wọ̀lú ní Èkó, tí ó ń tún un ṣe, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ̀lẹ́kájà ojú títì yàtọ̀ sí ọkọ̀ inú igbó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948, wọ́n ṣí aṣọ lójú Land Rover ní ìlú Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Kò pẹ́ tí ó fi di ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá, àwọn agbaninímọ̀ràn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ní ilẹ̀ wa. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn náà ń to Land Rover pọ̀ níbẹ̀. Lọ́wọ́ kan náà, agbégilódò ń kó ìtì igi jáde láti igbó Oǹdó àti igbó J4 ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ẹrẹ̀ kì í ti í mọ ọlọ́lá.

Wàhálà tí ó bá fóò-wíìlì wá ni pé pùròpẹ́là rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan lọ síwájú, ọ̀kan lọ sẹ́yìn, àpótí jíà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tíráńsífà sì wà láàárín tí ń pín agbára fún wọn. Ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ní kúrọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta, òun lè ní márùn-ún. Nítorí náà, ibi tí ó ti lè gbọ̀n pọ̀.

Hilux bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù ní ọdún 1968, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nínú rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1979. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní ọdún 1986, tí owó náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àléèbá fún ẹni tí kì í ṣe ìjọba. Ìgbà náà ni tòkúnbọ̀ gba ìlú. A fún ọkọ̀ ní orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí sókè òkun, ṣùgbọ́n a kò gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn. Ìmọ̀ tó yẹ kó wà nínú ìwé, ọwọ́ ọ̀gá ni ó wà, ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ sì ti ń gbà á. Bí ọ̀gá bá gbàgbé díẹ̀, díẹ̀ náà á sọnù.

BÀBÁ BÈÈRÈ Ọ̀RỌ̀

Ẹnì kan tí ń gbé pákó wá sí Ìbafò ni ó júwe Bàbá fún mi. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, agbégilódò ni wọ́n sì fi gbogbo ìgbà èwe wọn tún ṣe. Lábẹ́ igi máńgòrò ni mo bá wọn. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo ti rà.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. “N kò bi ọ́ léèrè ohun tí o rà. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?”

Mo ní, “Bàbá, ó ti tó oṣù mẹ́rin.”

“N kò bèèrè oṣù. Kí ni wọ́n ṣe sí i ní àná ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, èmi pàápàá kò sì bi ara mi. Mo ní kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe, àti pé wọ́n tú pùròpẹ́là kí wọ́n tó lè ṣe é. Bàbá mi orí, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ dúró lójú kan, wọ́n ní kí n tẹ iná sí i títí ẹ́ńjìnnì fi ké. Kò gbọ̀n. Wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ́ńjìnnì ti bọ́ nínú ẹjọ́.”

Ìkejì, Bàbá bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n gbé ife omi kan sórí ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, a sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n ń tún ọ̀nà náà ṣe lákòókò yẹn, nítorí náà a wá ibi tí ọ̀dà tuntun wà, tó tẹ́jú. Ní 80, omi inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kí n yọ jíà sí ọ̀fẹ́, kí n má fọwọ́ kan bíréèkì. Ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò dákẹ́. “Kílọ́ọ̀ṣì ti bọ́ nínú ẹjọ́. Jíà síìtì tí o fowó rà náà kò jẹ̀bi.”

Ìkẹta, wọ́n ní kí n wo omi náà dáadáa. “Ṣé ó ń fì bí ọkọ̀ ojú omi, àbí ó ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú?” Mo ní ó ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú. Wọ́n ní nígbà náà kì í ṣe táyà. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Yíyí táyà mi kan ń gba nǹkan bíi mítà méjì àti díẹ̀. Ní 80, ó ń yí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n dífíréńṣà mú kí pùròpẹ́là máa yí bí ìlọ́po mẹ́rin ti táyà, ìyẹn ogójì. Oríkèé tó ṣì sì ń ta nǹkan lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan, ìyẹn ọgọ́rin. Ìlù mẹ́wàá àti ìlù ọgọ́rin kò lè dún bákan náà létí ẹni tó mọ ìlù. Lónìí fóònù alágbèéká lè ka ìgbọ̀n wọ̀nyí fún ènìyàn. Ife omi ni Bàbá fi kà á.

Ìkẹrin, a padà sábẹ́ igi. Bàbá mú ọ̀dà funfun, wọ́n fà á kọjá lórí gbogbo ibi tí irin méjì ti pàdé, kí wọ́n tó fi sípánà kan ohunkóhun. Wọ́n tú pùròpẹ́là iwájú sílẹ̀, a sì tún jáde pẹ̀lú ti ẹ̀yìn nìkan. Ó ń gbọ̀n. “Ti iwájú kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ku ti ẹ̀yìn nìkan.”

Ẹ wò ó, a kò tíì ra nǹkan kan, síbẹ̀ a ti yọ ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì, jíà síìtì, táyà àti pùròpẹ́là iwájú kúrò nínú ẹjọ́. Gbogbo èyí kò gbà ju wákàtí méjì lọ.

ÀMÌ MÉJÌ

Bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò nínú rímù ẹ̀yìn, ó sì kún abọ́ kan. Wọ́n ní ẹrẹ̀ Ìbafò nìkan tó láti gbọn ọkọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló ṣe tèmi. Wọ́n mi kúrọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n le koko. Ojúlówó ni gbogbo wọn. Ẹ kà á dáadáa: ojúlówó ni. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi sí ibi tí irin kan ti wọnú irin kejì lára pùròpẹ́là, níbi eléyín tí ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nígbà tí sípíríìnì bá ń jó. Ẹrẹ̀ ṣí kúrò. Àmì kékeré kan wà lára irin ti òkè, ìkejì rẹ̀ wà lára irin ti ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn lójú. Eyín méjì ni ó wà láàárín wọn.

Bàbá ní, “Ẹni tó tú u kò fi àmì sí i, ẹni tó dè é padà kò wá àmì tó wà níbẹ̀. Gbogbo kúrọ́ọ̀sì tí o rà, orí àṣìṣe yìí ni wọ́n ń de wọ́n lé.” Wọ́n fà á yọ, wọ́n yí i padà ní eyín méjì, wọ́n tì í wọlé. Rọ́bà háńgà, ìyẹn ohun tí ó gbé àárín pùròpẹ́là dúró, ti ya nítorí ìgbọ̀n oṣù mẹ́rin, nítorí náà a pààrọ̀ ìyẹn. Òun nìkan ni mo rà. Wọ́n tún fi hàn mí pé bóòtù kan ti ń tú ara rẹ̀ níbi tí pùròpẹ́là ti so mọ́ dífíréńṣà. Bí pùròpẹ́là bá já lójú eré lápá iwájú rẹ̀, ó lè gún ọ̀dà kí ó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Ogún báàgì símẹ́ǹtì ni mò ń kó lórí ọ̀nà márosẹ̀ lójoojúmọ́. Ara mi bù máṣọ.

Nígbà tí a padà jáde, ní 80, omi inú ife kò mì. Ní 100, kò mì. Bàbá gbé ife náà, wọ́n mu omi inú rẹ̀ tán. Èmi ń ronú nípa ọmọ tí ó ń sọ pé “àmì tó wà lára” tí a kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì mo lọ sí Mówè. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá títì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí ojú ayé ni mo ti bú ọmọ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbọ́ olè lọ́jọ́ náà, ta ni yóò lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mú ọmọ náà dání padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo pe àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jọ, mo sì sọ ohun tí mo rí. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun rí i pé àmì méjèèjì kò kọjú síra wọn, òun sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà wo ilẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi de pùròpẹ́là lọ́jọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ náà kò padà síbẹ̀. Ó gun ọ̀kadà títí di oṣù Kejìlá, lẹ́yìn náà ni ó lọ bá Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò láti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Agolo ọ̀dà funfun ni Bàbá kọ́kọ́ fún un, kí wọ́n tó fún un ní sípánà.

Robert Hooke pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ bá Newton àti àwọn mìíràn jà gidigidi lórí ta ni ó kọ́kọ́ ronú kan èyí, ta ni ó jí tọ̀hún. Ìjà náà ti kú, oríkèé náà ṣì ń yí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, “ta ni” ni ó máa ń yá wa lẹ́nu. Ó máa ń rọrùn, nítorí ẹni tí kò lágbára wà nítòsí láti nawọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí á máa kọ́kọ́ bèèrè “kí ni” àti “ìgbà wo”. Bí ọkọ̀ yín bá ń gbọ̀n, ẹ rántí ohun tí wọ́n ṣe sí i kẹ́yìn kí ẹ tó tú àpò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pùròpẹ́là yín láìfi àmì sí i. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sì ní òun rí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.